Ohun Tó Máa Pòórá Ni Kẹ́ Ẹ Kùn ní Pupa

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn atẹ̀wé àti akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta, nìyí, lórí àwọ̀ tí ẹ́dítọ̀, ìyẹn ètò tá a fi ń kọ fáìlì, máa ń kun ọ̀rọ̀. Mo yọ ibi tá a ti ń wá wáyà kúrò. Àwàdà ibẹ̀, mo fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ kì í ṣe àjèjì nílùú yìí. Lọ́dún 1859, Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn jáde lédè Yorùbá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń to lẹ́tà nígbà yẹn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá já bọ́, ọwọ́ á ti mọ̀ kójú tó rí i. Àwa tá à ń fi LaTeX, ètò tó ń sọ ọ̀rọ̀ àti àṣẹ tá a kọ sínú fáìlì di ìwé, tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà Linux lónìí, ọwọ́ wa ò mọ nǹkan kan mọ́. Ojú nìkan ló kù, ó sì ti ń rẹ ojú ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dójú tì mí. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan gbé ìwé ìpàdé ọdọọdún wọn fún mi ṣe. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé:

Èlé 5% ni fún gbogbo ẹni tó bá san owó rẹ̀ kí oṣù tó parí.

Gbogbo ìpínrọ̀ náà, orí ìlà kan ṣoṣo ni mo kọ ọ́ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ LaTeX ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tó kù, ẹ gbọ́: tí LaTeX bá ti rí àmì pàsẹ́ǹtì, á gbà pé ohun tó tẹ̀ lé e títí dé òpin ìlà jẹ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń bá ara yín sọ. Kò ní tẹ̀ ẹ́. \% ló yẹ kí n kọ. Kò kìlọ̀ fún mi, kò bínú, PDF jáde wẹ́rẹ́. 300 ẹ̀dà. Lọ́jọ́ ìpàdé, bàbá kan dìde, ó ti gíláàsì rẹ̀ sókè: “Alága, ‘Èlé 5’ ni mo rí níbí. 5 kí ni? Náírà ni àbí iṣu?”

Ẹ́dítọ̀ tí mo lò lọ́jọ́ náà ò ní àwọ̀ kankan. vi tó máa ń bá Ubuntu, oríṣi Linux kan, wá, vim-tiny ni, ìyẹn ẹ́dítọ̀ Vim tí wọ́n ti gé kúrú. Tẹ́ ẹ bá kọ syntax on, àṣẹ tó ń mú àwọ̀ jáde, fún un, E319 ló máa fi dá yín lóhùn, pé àṣẹ yẹn ò sí nínú òun. Mo fi ọ̀pọ̀ alẹ́ rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ má bá a jà. Ẹ kọ sudo apt install vim, kẹ́ ẹ wá ṣí .vimrc, fáìlì ìtọ́ni Vim, nínú fódà home yín, kẹ́ ẹ fi ìlà mẹ́rin yìí sí i:

syntax on
filetype plugin on
let g:tex_flavor = "latex"
highlight Comment ctermfg=red

Ìlà kẹta wà níbẹ̀ torí pé tí fáìlì .tex bá ṣófo, Vim á kà á sí TeX lásán, kò ní kà á sí LaTeX. Ìlà kẹrin ni mo torí ẹ̀ wá, òun ló ń kun ohun tí LaTeX ò ní tẹ̀ ní pupa. Ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ syntax on, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyẹn á kun àwọ̀ tirẹ̀ lé e.

Kí ló dé tí mo fi ní pupa? Àwọn tó yan àwọ̀ tó ń bá ẹ́dítọ̀ wá, kóòdù ni wọ́n ń kọ. Lójú tiwọn, ohun tó wà lẹ́yìn àmì yẹn, àlàyé lásán ni, kó ṣá díẹ̀ kó má baà dí wọn lójú. Atẹ̀wé ńkọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn pàsẹ́ǹtì ni gbólóhùn tí oníbàárà sanwó fún tí kò sì ní rí. Ṣé ìyẹn lẹ fẹ́ kó ṣá? Orí tẹ́mínà (ojú ibi tá a ti ń kọ àṣẹ) tó dúdú, búlúù tó ṣókùnkùn ni wọ́n tún máa ń kùn ún nígbà míì, ẹni tójú ẹ̀ dá ṣáká gan-an ò ní rí i. Ohun tó máa pòórá ló yẹ kó pariwo jù lójú yín. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́, wọ́n ní mo le lórí.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń lo Emacs, ẹ́dítọ̀ míì, wà níwájú níbí, ó ti ń mirí látàárọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀, Emacs rẹ̀ ṣì ń ṣí lọ́wọ́. Ẹ̀yin oní-Word, a ó gbàdúrà fún yín tá a bá parí. Ẹ́dítọ̀ Nano ní tiẹ̀, àwọ̀ TeX ti wà nínú rẹ̀ lórí Ubuntu látilẹ̀.

Ìyá kan tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú ní Ìtòkú nawọ́. “Ọmọ mi, mo gbọ́ tàwọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí kọ̀ǹpútà bá mi wá ‘Ẹ̀gbá’ nínú fáìlì mi, á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ mo ń wò ó kòrókòró. Ṣé àwọ̀ lè mú ìyẹn?”

Ojú ìwé mẹ́fà ló kù lọ́wọ́ mi. Mo ká a pọ̀.

Ẹ̀ tá à ń wò yẹn, méjì ni lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà tó gún ni kí Ẹ tó ti ní àmì nísàlẹ̀ ṣáájú, U+1EB8 (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ̀ ọ́n), kí àmì ohùn ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, U+0300. Àmọ́ bọ́tìnnì míì á kọ È kọ́kọ́, á wá so àmì abẹ́ lẹ́tà mọ́ ọn lọ́tọ̀, U+0323. Lórí bébà, ìbejì ni wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ń wá Táíwò, ẹ̀rọ ò ní mú Kẹ́hìndé wá fún yín. Nínú Vim, ẹ gbé kọ́sọ̀ lé e, kẹ́ ẹ tẹ ga, á ka ohun tó wà nínú ẹ̀ fún yín. Ẹ wá kọ èyí, kó kun gbogbo ibi tí U+0323 bá wà:

:match Error /\%u0323/

Ẹ, ọ, ṣ, gbogbo wọn ló ní àmì abẹ́ tiwọn tó ti lẹ̀ mọ́ wọn. Yorùbá ò wá àmì abẹ́ tó ń dá rìn. Ibi tí 0323 bá ti yọjú, ẹ mú un. Lẹ́yìn náà, ẹ fi uconv, tó wà nínú icu-devtools, so àmì náà mọ́ lẹ́tà rẹ̀:

uconv -x any-nfc atijo.tex > tuntun.tex

Ẹ má fi orúkọ kan náà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì o, fáìlì á ṣófo.

Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ti ń mì í jìnwìn. Kíákíá: pdflatex, ọ̀kan lára àwọn àṣẹ tó ń sọ fáìlì LaTeX di PDF, á ní òun ò mọ U+0301, àmì ohùn òkè, torí náà xelatex tàbí lualatex ni kẹ́ ẹ lò dípò rẹ̀, pẹ̀lú fontspec tó ń bá yín yan fọ́ǹtì, kẹ́ ẹ sì yan fọ́ǹtì tó ń gbé àmì wa dáadáa, bíi Charis SIL. Lórí X11, ètò tó ń gbé nǹkan sójú kọ̀ǹpútà Linux, setxkbmap -layout ng -variant yoruba á fún yín ní bọ́tìnnì Yorùbá. Nínú àwọn ẹ́dítọ̀ míì, Kate dáa, TeXstudio dáa, ẹ bi mí níta.

Ìyá náà ò lọ. Ó fi fíláàṣì rẹ̀ sára kọ̀ǹpútà mi, a ṣí ìwé ìsìnkú kan, a kọ :match. Ojú ìwé pọ́n bí ẹni da epo sí i. Ìyá bojú wẹ̀yìn: “Ta ló tẹ èyí?” Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti tẹrí ba, ó ń wá bàtà lábẹ́ àga.