Afárá Olórùlé Tó Gùn Jù Láyé

Ẹ wo afárá yìí dáadáa. Igi ni wọ́n fi ṣe é, pákó bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, òrùlé sì wà lórí rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Hartland ló wà, ní ìpínlẹ̀ New Brunswick ní Kánádà, lórí odò Saint John. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 391 mítà. Kò sí afárá olórùlé kankan láyé tó gùn tó o.

Ta ni òrùlé yẹn wà fún? Igi gan-an ni. Àwọn ìtì igi gbọọrọ tí wọ́n so kọ́ra lọ́tùn-ún lósì ló gbé afárá dúró. Bí òjò bá ń pa wọ́n lọ́dọọdún, omi á máa wọ oríkèé ibi tí igi ti pàdé igi, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Láàárín nǹkan bí 20 ọdún, afárá náà lè di ẹgẹrẹmìtì. Ṣùgbọ́n bí òrùlé bá bàjẹ́, káfíńtà á pààrọ̀ rẹ̀, egungun afárá á sì wà níbẹ̀ digbí.

Nígbà tí wọ́n ṣí ti Hartland ní 1901, kò ní òrùlé. Àwọn ará ìlú ló dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láti kọ́ ọ, wọ́n sì ń gba owó oníbodè lọ́wọ́ ẹni tó bá kọjá. Iṣẹ́ ò tíì parí lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn tí wọ́n fi ké sí dókítà kan ní pàjáwìrì. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ pákó fún un kó lè kọjá, òun ló sì kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Èmi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó dára jù báyìí lọ láti ṣí afárá.

Ìjọba rà á ní 1906, owó oníbodè sì dópin. Ní 1920, yìnyín tó ń ṣàn bọ̀ nínú odò wó apá méjì rẹ̀ lulẹ̀. Àtúnkọ́ yìí ló mú òrùlé wá, ó sì parí ní 1922. Àwọn kan lòdì sí i gidigidi. Wọ́n tilẹ̀ wàásù pé òkùnkùn inú rẹ̀ yóò ba ìwà àwọn ọ̀dọ́ jẹ́!

Wọ́n fi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kún un ní 1945. Mọ́tò ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá títí dòní, ṣùgbọ́n kò gba méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: bí ẹnì kan bá ti wọ inú rẹ̀, ẹni tó wà lódìkejì á dúró dè é.