Owó Ta Ni Aṣàyẹ̀wò Géèmù Ń Jẹ?

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ káàbọ̀. Kí n tó dárúkọ ìwé ìròyìn kankan, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ilé géèmù kan ní Mọ́kọ́lá, ní ìlú Ìbàdàn níbí, nígbà tí PlayStation 2 ṣì jẹ́ ọba láàárín àwa ọmọdé. Bọ̀ọ̀dá tó ni ilé géèmù náà máa ń yọ síìdì jáde, á mí èémí sí i lẹ́yìn, á fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, á wá yí i síbi ìmọ́lẹ̀ kí ó lè rí ibi tó ti ha. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ fún wa pé: “Èyí dùn, àmọ́ ẹ ò ní í débi tó parí sí, ìpele kẹta ló ti máa ń há. Tọ̀hún ni kẹ́ ẹ sanwó lé.” A kò mọ̀ nígbà náà pé àyẹ̀wò géèmù ni ọkùnrin yìí ń ṣe fún wa. Ohun tó mú kí a gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ni pé owó wa ló ń jẹ, bí ó bá sì tàn wá lónìí, ilé géèmù ẹlòmíràn la óò lọ lọ́la. Ìbéèrè tí mo fẹ́ fi tọpa ìtàn yìí nìyẹn: láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ àyẹ̀wò géèmù, owó ta ni aṣàyẹ̀wò ń jẹ?

Ní ọdún 1979, Bill Kunkel àti Arnie Katz bẹ̀rẹ̀ sí í kọ abala kan tí wọ́n pè ní Arcade Alley sínú ìwé ìròyìn Video ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tó di ọdún 1981, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Joyce Worley dá Electronic Games sílẹ̀, ọdún yẹn kan náà sì ni Computer and Video Games jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì sí èdè tí a fi ń sọ̀rọ̀ géèmù nígbà náà, nítorí náà bí ẹni ń ṣàlàyé ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀: bí àwòrán rẹ̀ ṣe rí, bí ohùn rẹ̀ ṣe já gaara sí, bóyá ó ń gbọ́ràn sí ọwọ́ ẹni tó ń fi í ṣeré. Ìwé Crash, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984 fún àwọn tó ní kọ̀ǹpútà ZX Spectrum, a máa fún apá kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀ nínú 100. N kò rí ohun tó burú nínú èyí, nítorí géèmù wọ́n, ẹni tó fẹ́ rà á kò sì lè rí i kí ó tó sanwó. Olùṣọ́ àpò ni aṣàyẹ̀wò.

Ní Japan, ìwé Famitsu bẹ̀rẹ̀ ní 1986, ó sì fi ìdájọ́ sọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin: máàkì 10 wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40. Kò sí géèmù tó gba 40 pé títí di 1998, tí The Legend of Zelda: Ocarina of Time fi gbà á. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí, nítorí bí ẹnì kan bá fún géèmù ní 9 tí èkejì fún un ní 5, òǹkàwé á rí i kedere pé ẹnu wọn kò kò. Ní 1988, ilé-iṣẹ́ Nintendo fúnra rẹ̀, tó ń ṣe géèmù, gbé ìwé ìròyìn Nintendo Power jáde ní Amẹ́ríkà. Ìwé náà wúlò púpọ̀ fún ọmọ tó sọnù sínú géèmù, ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́kọ wo ni yóò kiri pé ẹ̀kọ òun kan? Àwọn ìwé tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ géèmù pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀ tán, nítorí owó ìpolówó géèmù wà nínú ohun tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, àwọn àgbà sì ti sọ fún wa pé ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Íntánẹ́ẹ̀tì dé, GameSpot àti IGN, àwọn ojú òpó àyẹ̀wò géèmù, bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ṣùgbọ́n dòdò kò kúrò lẹ́nu. Ní ìparí ọdún 2007, Jeff Gerstmann fún géèmù Kane & Lynch: Dead Men ní 6 nínú 10 ní GameSpot, nígbà tí ìpolówó géèmù yẹn gan-an gba gbogbo ojú ewé ibẹ̀. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2012, òun fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba pé ìbínú àwọn tó ń polówó wà lára ohun tó fà á.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ojú òpó Metacritic, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, tó ń kó máàkì àwọn aṣàyẹ̀wò jọ, tó sì ń pò wọ́n di ẹyọ nọ́ńbà kan. Ẹ wo Fallout: New Vegas, tó jáde ní 2010. Chris Avellone, ọ̀kan lára àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ Obsidian tó ṣe é, sọ ọ́ síta pé àdéhùn wà pé wọn yóò gba owó àjẹmọ́nú bí géèmù náà bá dé 85 lórí Metacritic. Nọ́ńbà náà dúró sórí 84. Ẹ rò ó wò: aṣàyẹ̀wò kan jókòó sí yàrá rẹ̀, ó ń rò ó bóyá kí òun fún géèmù ní 8 tàbí 9, kò mọ̀ pé owó oúnjẹ òṣìṣẹ́ tí òun kò rí rí wà nínú ohun tí òun ń kọ. Nọ́ńbà tí a ṣe láti fi ṣọ́ àpò ẹni tó ń rà ti di òṣùwọ̀n owó iṣẹ́ ẹni tó ṣe é. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn ní 2015, nígbà tí ojú òpó àyẹ̀wò Eurogamer pa máàkì tì, tí ó sì ní kí ọ̀rọ̀ dá dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà sí fífi ìràwọ̀ ṣe ìdájọ́ ní 2023.

Fídíò wá gba ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ojú ẹni kì í purọ́ fúnni, a rò pé bó bá ti di ohun tí a ń fojú rí, ẹ̀tàn parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2016, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, fẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ Warner Bros. pé ó san owó fún àwọn gbajúmọ̀ YouTube kí wọ́n lè yin géèmù rẹ̀, Shadow of Mordor, láìjẹ́ kí ó hàn dáadáa pé wọ́n gbowó. Lórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, láti 2013, ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra géèmù ti lè kọ àyẹ̀wò tirẹ̀, èyí sì sún mọ́ ti bọ̀ọ̀dá Mọ́kọ́lá gan-an, àfi pé nígbà mìíràn ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kóra jọ láti fi bẹ́ẹ̀ jẹ ilé-iṣẹ́ kan níyà lórí ọ̀rọ̀ tí kò kan géèmù náà.

Ohun mìíràn tún yí padà: géèmù fúnra rẹ̀ kì í parí mọ́ lọ́jọ́ tó jáde. Cyberpunk 2077 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Orí kọ̀ǹpútà nìkan ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti fún àwọn aṣàyẹ̀wò láyè láti fi í ṣeré ṣáájú, kò sì gbà kí wọ́n fi àwòrán tí wọ́n ká fúnra wọn hàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yìn ín. Nígbà tó dé ọwọ́ àwọn tó ní PlayStation 4, ó ń há, ó ń kú, kò sì pẹ́ rárá tí Sony fi yọ ọ́ kúrò ní ọjà orí ẹ̀rọ rẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún 2021 ló tó padà síbẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí wà lọ́kàn mi nígbà tí mo jókòó ti àbúrò mi kan ní Bódìjà níjọ́sí, tó fẹ́ ra géèmù kan fún PlayStation 4 tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo máàkì. Ó kọ́kọ́ wá bí géèmù náà ṣe tóbi tó, ó sì ṣírò iye dátà tí yóò jẹ ẹ́ láti gbà á. Ó wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ló ṣí fídíò àyẹ̀wò kan, ó fò ó lọ sí ibi tí ìjà ti gbóná, ó dá a dúró, ó sì na ìka sí kọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀ àwòrán, níbi tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣeré náà sí.

Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ẹ̀rọ tirẹ̀ kì í ṣe irú tèmi.” Ó pa á, ó sì ń wá òmíràn.