Ọ̀run Àpáàdì Náà, Ọ̀run Ni

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fún mi láyè láti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa ń lò lójoojúmọ́ láìbi í léèrè ibi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀run. Inú Bíbélì Yorùbá ni mo fẹ́ kí á ti bẹ̀rẹ̀, nínú ìwé Mátíù orí karùn-ún, nítorí pé orí kan ṣoṣo yẹn tó láti fi ohun tí mo ní í sọ hàn.

Ní ẹsẹ 3, a kà á pé tí àwọn òtòṣì ní ẹ̀mí ni ìjọba ọ̀run. Ní ẹsẹ 18, ọ̀run àti ayé ni a dárúkọ pọ̀, pé títí wọn yóò fi kọjá lọ. Ní ẹsẹ 34, a ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀run búra, nítorí pé ìtẹ́ Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ní ẹsẹ 22, láàárín àwọn ẹsẹ wọ̀nyí gan-an, ẹni tó bá pe arákùnrin rẹ̀ ní aṣiwèrè wà nínú ewu iná ọ̀run àpáàdì. Nínú èdè Gíríìkì tí a fi kọ ìwé náà, ọ̀rọ̀ méjì tí kò bá ara wọn tan rárá ni ó wà níbẹ̀: ouranos ni ti ìjọba àti ìtẹ́, geenna ni ti iná, orúkọ àfonífojì Hínómù tó wà lẹ́bàá Jerúsálẹ́mù ni ó sì ti wá. Kò sí ọ̀run kankan nínú geenna. Àwa Yorùbá ni a fi ọ̀run sí i.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣìṣe olùtúmọ̀ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, tó sì tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ títí odindi Bíbélì fi jáde ní 1884, gbọ́ Yorùbá débi pé wọn kò lè ṣèèṣì lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé létí Yorùbá, ọ̀run kì í ṣe orúkọ èrè. Orúkọ ibi tí ẹni tí kò sí láyé wà ni. Ẹni rere wà níbẹ̀, ìkà wà níbẹ̀, ọmọ tí a kò tíì bí wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ tí àbíkú ń sá padà lọ bá náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní láti fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn kí olùgbọ́ tó mọ èyí tí à ń wí: ọ̀run rere, ọ̀run àlàáfíà, ọ̀run burúkú, ọ̀run àpáàdì.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbi àpáàdì, nítorí pé ọmọ tó bá orí gáàsì nílé lè má mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí iná bá kú nínú ààrò ìyá mi àgbà, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ fọnná ní ilé kejì. Àfọ́kù ìkòkò kan ni wọ́n máa ń gbé lé mi lọ́wọ́, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú fún èéfín. Wọn á kọ́kọ́ da eérú sí i kí ó má baà jó mi lọ́wọ́, wọn á wá kó ẹ̀yinná lé eérú náà lórí. Àpáàdì nìyẹn, òun ni a sì ń pa lówe pé ó tó kaná lójú. Ìkòkò tó fọ́ kò ṣe é lẹ̀ pọ̀, kò sì lè gba omi dúró mọ́. Iná àti ààtàn nìkan ni ó kù fún un. Lójú tèmi, ẹni tó kọ́kọ́ so àpáàdì mọ́ ọ̀run ti wàásù tán ní gbólóhùn kan.

Ọ̀run tí a ń fi ojú rí ńkọ́? Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ẹ kíyè sí i pé ojú ọ̀run ni wọ́n wí, bí a ṣe ń sọ pé ojú omi tàbí ojú ọjà. Ohun tí à ń wò nígbà tí a bá gbójú sókè, ojú rẹ̀ lásán ni. Inú rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí Jésù ní kí a wo àwọn ẹyẹ, ẹyẹ ouranos ni Gíríìkì pè wọ́n ní Mátíù 6:26, ọ̀rọ̀ kan náà tó wà fún ìjọba, ṣùgbọ́n olùtúmọ̀ wa kọ ẹyẹ ojú ọ̀run, nítorí pé bí ó bá kọ ẹyẹ ọ̀run, ohun abàmì ni Yorùbá yóò gbọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, ojú, ni ó ya ibi tí ẹyẹ ń fò sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tí ará ọ̀run ń gbé.

Èyí ni kò jẹ́ kí n gbà pé òkè nìkan ni ọ̀run wà nínú ìgbàgbọ́ àwọn baba wa. Bí ọba bá wọ inú ikú, a ní ó wàjà, àjà ilé tí ó wà lókè orí. Bí òrìṣà bá fi ayé sílẹ̀, a ní ó wọlẹ̀, bí Ògún ṣe wọlẹ̀ ní Ìrè. Egúngún tí à ń pè ní ará ọ̀run, inú igbó ìgbàlẹ̀ ni ó ti ń jáde; kò já bọ́ láti òkè. Ọ̀nà pọ̀, ibi kan náà ni wọ́n já sí.

Àwọn Mùsùlùmí wa bá ọ̀rọ̀ náà lò lọ́nà mìíràn. Lárúbáwá ní samāʾ fún òkè tí à ń rí, ó sì ní janna, ọgbà, fún ibùgbé àwọn olódodo. Èkínní di sánmà lẹ́nu wa, tó bẹ́ẹ̀ tí Kristẹni àti onísẹ̀ṣe náà fi ń sọ pé ojú sánmà ṣú nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Èkejì di Alùjánnà. Kùránì sọ pé sánmà jẹ́ méje, kò sì sí ẹni tó máa fi sánmà gbàdúrà fún òkú. Ìyàtọ̀ yìí ṣe èdè wa láǹfààní. Ẹ tún wo Firdausi tí àwọn àáfà ń bẹ̀bẹ̀ fún: láti inú èdè àwọn ará Páṣíà àtijọ́ ni ó ti wá, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ọgbà tí a mọ odi yí ká, ìdí kan náà ni Gíríìkì sì ti mú Párádísè tí Jésù ṣèlérí fún olè orí àgbélébùú ní Lúùkù 23:43. Jàhánámà pẹ̀lú kì í ṣe àjèjì sí geenna. Àfonífojì kan náà ni.

Ní Brasil, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tó wà níbẹ̀, ṣì ń pe orum àti aiê, ẹgbẹ́ olórin Ilê Aiyê tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Salvador ní 1974 sì fi ayé ṣe orúkọ. Ní Cuba, ahọ́n Lukumí, ìyẹn àwọn ìran Yorùbá ibẹ̀, yí ọ̀run sí onú, ará onú sì wà lẹ́nu wọn títí di òní. Àwọn tí wọ́n kó kọjá òkun kò gbé ọ̀run lọ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ènìyàn ń retí nìkan. Ibẹ̀ ni àwọn baba wọn wà.

Ayé lọjà, ọ̀run nilé. Mo rò pé inú òwe yìí ni ìtumọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù lọ. Ẹni tó lọ sọ́jà ti kúrò nílé kó tó débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ìṣẹ̀ṣe sọ pé ọ̀run ni a ti kúnlẹ̀ yan ohun tí a wá ṣe, tí a kọjá lọ́dọ̀ oníbodè kí a tó wọ ayé. Ìdí nìyí tí a fi ń dá Ifá àkọsẹ̀jayé fún ìkókó, kí á lè mọ irú ẹni tó dé. Ọ̀run tí ẹnì kan ti wá kò lè jẹ́ èrè fún un. Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ tí oníwàásù ń fi àwọn arúgbó ṣẹ̀sín nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá òkú sọ, nítorí pé ìmọ̀ ńlá nípa èdè yìí wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Mo wà níbi ìsìnkú ìyá àgbàlagbà kan nílé wa. Ọmọ rẹ̀ kan jẹ́ Kristẹni, èkejì jẹ́ Mùsùlùmí. Pásítọ̀ ní ó ti sùn nínú Olúwa, àáfà àdúgbò ní kí Ọlọ́run fi Alùjánnà onídẹ̀ra kẹ́ ẹ, gbogbo wa sì ṣe àmín fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bo pósí, àbúrò olóògbé sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dìgbéere, ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá. Ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí ẹ bá wọn jẹ." Ọ̀kùn àti ekòló, ẹran inú ilẹ̀ ni wọ́n, àbúrò náà ń sọ fún olóògbé pé kí ó má ṣe dúró sínú ilẹ̀ tí a fẹ́ bò mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń ránni níṣẹ́ lọ sí ìlú kejì, ó ní, "Ẹ bá wa kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé a ti kan òrùlé ilé náà tán."