Owó Ìdènà Oògùn Olóró Kì Í Ṣe Owó Fìlà

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wáyé ní Adó-Èkìtì)

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá, mo kí yín.

Ẹ ti gbọ́ èsì ìwádìí tí ìjọba gbé jáde ní 2019: nínú ẹni méje tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, ẹnì kan ń lo oògùn olóró. Ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù tiwa, ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ má wulẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ará Èkó ni.

Láti 1989 ni àjọ NDLEA ti ń lé àwọn tó ń tà á. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú ẹ̀gbọ́n lónìí, ta ló ń bá àbúrò sọ̀rọ̀ lọ́la? Owó ìdènà wá dà? Ẹ ó rí i lọ́jọ́ 26 oṣù Òkúdù, ọjọ́ ìgbógunti oògùn olóró lágbàáyé: fìlà, ẹ̀wù alákọlé, ìrìn yíká ìgboro, fọ́tò pẹ̀lú kọmíṣánnà. Tó bá di ọjọ́ 27, ẹni tó ń ta oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní kolorádò ti dé fìlà náà!

Láti 1997 ni òfin Drug-Free Communities (àdúgbò tí kò sí oògùn olóró) ti wà ní Amẹ́ríkà. Ìjọba àpapọ̀ lè fún àjùmọ̀ṣe ará àdúgbò ní owó tó tó 125,000 dọ́là lọ́dún, fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì lè tún un ṣe kó di mẹ́wàá. Àwọn ará ibẹ̀ náà yóò dá tiwọn, ìbáà jẹ́ owó tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Òbí, ọ̀dọ́, olùkọ́, ọlọ́pàá, oníṣòwò, ẹlẹ́sìn, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní sẹkitéríàtì á ní, “Amẹ́ríkà lówó.” Ẹ gbàgbé dọ́là. Ọdún mẹ́wàá ni kí ẹ wò. Fìlà wo ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Níbo la ó ti rówó? Ní ọjọ́ 11 oṣù Agẹmọ 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Mẹ́rìndínlógún la ní ní Èkìtì. Kí kálukú ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù.

Alága ti ń wo aago. Ti ilé-ìwé àti ibi ìtọ́jú, ẹ jẹ́ n kàn dárúkọ wọn: olùgbaninímọ̀ràn, nọ́ọ̀sì, àyè láti sùn.

Ìyá kan dìde: “Dókítà, kánsù ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó ń ta paraga nínú gáréèjì wa. Ṣé kánsù náà lẹ fẹ́ kó owó ìdènà fún?”

Gbọ̀ngàn hó yèè. Ìbéèrè yìí ló gba ìyókù àkókò wa. Ẹnìkan ní kí á fi owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ṣe owó ìdènà. Mo kọ̀ ọ́. Ẹni tó ń jẹ nídìí paraga kò ní fẹ́ kí paraga tán. Ìyá mi, ohun tí mo sọ nìyí: kí kánsù máa san owó tó bá yà sọ́tọ̀ lóṣooṣù sí àpò tí ìyálọ́jà, nọ́ọ̀sì àti olórí àwọn òbí jọ ń fọwọ́ sí, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí ìpàdé ìlú. Ìyá ní ìyálọ́jà tiwọn náà ń ta paraga. Ó dáa, ẹ yan ẹlòmíì.