Ìbọn, Òfin àti Ọwọ́ Obìnrin: Bí Obìnrin Ìlú Abuja Ṣe Lè Dáàbò Bo Ara Rẹ̀

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá láti Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Gwarinpa, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Kaduna, Jos àti Kano. Nígbàkígbà tí ìròyìn bá jáde pé wọ́n tún ti jí ènìyàn gbé ní Bwari, tàbí pé àwọn ọlọ́ṣà inú ọkọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní one chance tún ti ja obìnrin lólè tí wọ́n sì jù ú sílẹ̀ lójú títì, ìbéèrè kan máa ń jáde lẹ́nu àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin wa: ṣé òfin gbà kí obìnrin ní ìbọn tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀?

Òfin Ìbọn tí ó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1959 kò ya obìnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́, irú èyí tí ó lè wọ inú àpamọ́wọ́, wà lára àwọn ohun ìjà tí òfin náà kà léèwọ̀, ní abala kan náà pẹ̀lú bọ́ǹbù àti ìbọn àwọn ológun. Láìjẹ́ pé Ààrẹ orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ, ẹni tí wọ́n bá ká irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ yóò fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 jura. Èyí tí aráàlú lè tọrọ àṣẹ fún lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni ìbọn ọdẹ, a kì í sì í fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Ìbọn ọdẹ gùn, kò sì sí bí obìnrin tí ó ń wọkọ̀ ní Berger lálẹ́ ṣe fẹ́ gbé e dání.

Kì í ṣe pé obìnrin kò lè lo ìbọn. Ní ìpínlẹ̀ Adamawa, Aisha Bakari Gombi, tí ó ti ń bá bàbá àgbà rẹ̀ ṣọdẹ láti kékeré, di ìlú mọ̀ọ́ká nítorí pé ó bá àwọn ọdẹ wọ igbó lọ dojú kọ Boko Haram. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdẹ ni iṣẹ́ rẹ̀, ó mọ igbó, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti obìnrin tí ó gbé ìbọn pa mọ́ sábẹ́ ibùsùn nínú ilé tí ọkọ, ọmọ àti àlejò ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà, níbi tí ìbọn ti pọ̀ lọ́wọ́ aráàlú. Ìwádìí ilé iṣẹ́ Pew ní ọdún 2023 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tí ó ti dàgbà níbẹ̀, 25 ni ó ní ìbọn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn oníbọn ibẹ̀ sì sọ pé ààbò ni àwọn ń wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí ní ìpínlẹ̀ California, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2022, wọ́n rí i pé àwọn tí ń bá oníbọn ìléwọ́ gbé lábẹ́ òrùlé kan náà wà nínú ewu pé kí ọkọ, aya tàbí olólùfẹ́ wọn yìnbọn pa wọ́n ní ìlọ́po 7 ju àwọn tí kò ní oníbọn nílé lọ, obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kú bẹ́ẹ̀. Èyí ni ó mú kí n má lè gba ọmọbìnrin kankan níyànjú pé kí ó máa wá ìbọn kiri.

Ẹ̀tọ́ kan wà tí òfin ti fún obìnrin ná, tí ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tí ó ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín ní Abuja kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Èkó àti Ìbàdàn. Penal Code tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ẹkùn Àríwá ní ọdún 1960 ni à ń lò, ó sì sọ ọ́ kedere pé ẹni tí ó bá ń gbèjà ara rẹ̀ tàbí ara ẹlòmíràn kò ṣẹ̀. Abala 62 ní kí agbára tí ènìyàn lò má ju èyí tí ó nílò láti fi dáàbò bo ara rẹ̀, àti pé bí àyè bá wà láti ké sí àwọn aláṣẹ, kí ó ké sí wọn. Abala 65 wá ka àwọn ìkọlù tí ó burú débi pé, bí ẹni tí ó ń ṣe é bá tilẹ̀ kú sí i, òfin kò ní mú ẹni tí ó gbèjà ara rẹ̀: ìkọlù tí ó mú kí ènìyàn bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára ńlá, ìfipábánilòpọ̀, àti ìjínigbé. Ọmọbìnrin tí ó bá mọ èyí kò ní dúró máa rò ó bóyá ọlọ́pàá yóò mú òun bí òun bá bu ẹni tí ó fẹ́ bá òun lò pọ̀ tipátipá jẹ.

Ẹ̀kọ́ ìgbèjà ara ẹni ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní orílẹ̀-èdè Kánádà, wọ́n dá ọ̀wọ́ ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní yunifásítì 3, wọ́n sì pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 893 sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba ẹ̀kọ́ ní ìgbà mẹ́rin, wákàtí mẹ́ta ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Apá kejì gba ìwé pélébé lásán. Èsì náà jáde ní ọdún 2015: lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ ni wọ́n fipá bá lò pọ̀, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 9.8 láàárín àwọn tó kù. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìjà nìkan kọ́ ni wọ́n kọ́ wọn. Wọ́n kọ́ wọn láti tètè fura sí ẹni tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n sì borí ìtìjú tí kì í jẹ́ kí obìnrin sọ pé òun kò fẹ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa Yorùbá gan-an nìyẹn. A tọ́ ọmọbìnrin láti kúnlẹ̀, kí ó má wo àgbà lójú, kí ó má gbóhùn sókè sí ẹni tí ó jù ú lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣe ibi náà lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀, onílé rẹ̀, tàbí ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀! Mi ò fẹ́!” kí wọ́n sì máa fi í ṣe eré nílé títí ẹnu wọn yóò fi mọ́ ọn. Ọ̀wọ̀ kò ní kí a pa ohùn mọ́.

Ẹ wá wo ọwọ́ yìí. Bí ẹnìkan bá di ọrùn ọwọ́ rẹ mú, ìka mẹ́rin wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, àtàǹpàkò nìkan ni ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ó ti pàdé àwọn ìka. Ibẹ̀ ni ìdìmú náà ti rọ̀ jù. Má fà á tààrà sẹ́yìn, nítorí pé ìyẹn yóò di agbára pẹ̀lú agbára. Yí ọwọ́ rẹ kí etí tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ kọjú sí àlàfo yẹn, ká ìgbúnwọ́ rẹ, kí o sì fi gbogbo ara fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá yọ, sáré. Bí kò bá yọ, ojú, ọ̀nà ọ̀fun, abẹ́ àti orúnkún ni kí o dojú kọ, nítorí pé kò sí bí ọkùnrin ṣe lágbára tó tí àwọn ibẹ̀ kì í dùn ún.

Ní ti ọkọ̀, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Gáréèjì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni kí ẹ ti wọkọ̀, kì í ṣe ẹ̀bá títì. Kí ẹ tó jókòó, ẹ wò ó bóyá ọwọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì wà nínú, ẹ sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnìkan. Bí wọ́n bá sì ti mú ìbọn tàbí ọ̀bẹ jáde nínú ọkọ̀, ẹ gbé fóònù àti owó sílẹ̀ fún wọn.

Bí ibi bá ṣẹlẹ̀ tán, nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì. Bí ó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, kí obìnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn kí ó tó wẹ̀ tàbí kí ó tó pààrọ̀ aṣọ, nítorí pé oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, aṣọ náà sì jẹ́ ẹ̀rí. Àjọ NAPTIP, tí ó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ni ó ń mójú tó òfin ọdún 2015 tí ó lòdì sí ìwà ipá ní Abuja, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni ìjìyà tí ó ga jù fún ẹni tí ó bá fipá báni lò pọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹni tí ó kọlù ú ni ó farapa, nígbà tí yóò bá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, kí ó sọ ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe, ohun tí ó mú dání àti ìdí tí kò fi sí àyè láti sá, nítorí pé ohun tí adájọ́ yóò wá nínú ẹ̀rí rẹ̀ gan-an nìyẹn.