Kẹ́ Ẹ Tó Ṣí Kọ̀ǹpútà: Ọ̀rọ̀ fún Ọ̀dọ́ Onímọ̀ Ọrọ̀ Ajé ní Ìjẹ̀bú

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ètò ọrọ̀ ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ètò ọrọ̀ ajé ni mo kà ní yunifásítì. Mi ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ohun tí mo ń ṣe jẹun ni pé mò ń tú dátà wò, láti mọ̀ bóyá ọ̀nà tí à ń gbà wówó lónìí kò ní sọ àwọn ọmọ wa di aláìní lọ́la. Ohun tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ sábà máa ń bi mí ni pé èwo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́: nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tú dátà wò, ṣé Excel ni, R ni, àbí Python? Ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ́ ọ dójú àmì. Èyí tó ká mi lára jù ni pé kẹ́ ẹ mọ ibi tí iye kan ti wá kẹ́ ẹ tó máa rò ó pọ̀.

Ẹ rántí ọdún 2014. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìṣirò, ìyẹn NBS, tún GDP Nàìjíríà ṣírò, ìyẹn àpapọ̀ iye owó ọjà àti iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún. Ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fi ṣe òdiwọ̀n tẹ́lẹ̀, wọ́n wá sún un sí 2010, wọ́n sì ka àwọn iṣẹ́ tí wọn ò kà dáadáa tẹ́lẹ̀, bíi tẹlifóònù àti fíìmù, kún un. Iye náà fò sókè ní nǹkan bí ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún, la bá di orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ tóbi jù ní Áfíríkà. Kò sẹ́ni tó gbin ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀gẹ́ lóru ọjọ́ yẹn. Ohun tí wọ́n kà ló yí padà.

Ohun tí wọn ò kà ńkọ́? Igbó Ọmọ, tí gbogbo wa mọ̀ sí J4, wà ní Ìlà Oòrùn Ìjẹ̀bú níbí. Ọdún 1925 ni ìjọba fi òfin dè é; ó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 130,000. Lọ́dún 1977, UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí wọ́n ń dáàbò bò káàkiri ayé. Erin ṣì ń bẹ níbẹ̀. Bí onígẹdú bá gé igi, tó gbé e dé sọ́míìlì, tí wọ́n là á sí pákó, ọrọ̀ ajé la máa ka owó tó bá tibẹ̀ wọlé sí. Igi tó fi ọ̀pọ̀ ọdún dàgbà, tó sì ti lọ, kò sí ojú ìwé tí a ti yọ ọ́ kúrò nínú GDP. Ó dà bí ẹni tó ta ilé bàbá rẹ̀, tó wá ka owó náà mọ́ owó oṣù. Simon Kuznets, ẹni tó ṣe ìṣirò irú èyí fún Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ fáwọn aṣòfin wọn láti 1934 pé èèyàn ò lè fi iye owó tó wọlé fún orílẹ̀-èdè mọ̀ bóyá ara tu àwọn ará ìlú. Lọ́dún 2012, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà tí wọ́n ń pè ní SEEA, kí orílẹ̀-èdè lè máa ka igbó, omi àti ilẹ̀ mọ́ ìwé ìṣirò wọn. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ fún yín.

Àwòrán ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì Landsat ń yà láti ojú òfuurufú ti di ọ̀fẹ́ láti 2008. Ṣùgbọ́n ojú kan nínú àwòrán náà fẹ̀ tó mítà 30 ní ìbú àti òró. Láti òkè lọ́hùn-ún, oko kòkó, oko Gmelina, ìyẹn igi gẹdú tí wọ́n fọwọ́ gbìn, àti ògidì igbó, àwọ̀ ewé náà ni gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà lè sọ pé igbó ò dín. Ẹ bẹ àgbẹ̀ tó mọ̀nà kó mú yín wọlé, kẹ́ ẹ kọ ohun tó wà lójú ilẹ̀ síwèé.

Ẹ jẹ́ ká wá sídìí gààrí Ìjẹ̀bú. Bẹ́ ẹ bá béèrè lọ́wọ́ màmá tó ń yan gààrí pé, "Èló lẹ ń jèrè lóṣù?", ẹ ò ní rí ìdáhùn gidi, torí pé ọjà dé ọjà ni wọ́n ń ṣírò. Ẹ sọ pé, "Màmá, ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ rà fún ọjà tó kọjá, kóńgò mélòó ló bọ́ síbẹ̀?" Wọ́n á dáhùn láìronú. Kí gààrí tó kan bó ṣe yẹ, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ mélòó kan nínú àpò. Owó ló jókòó síbẹ̀ yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ọ́. Igi ìdáná tí wọ́n bá rà máa ń wọ ìwé, èyí tí ọmọ ṣẹ́ wá látinú igbó di òdo. Omi tó ń ro lára àpò, tó ní sáyánáìdì, ìyẹn májèlé inú ẹ̀gẹ́, nínú, ń pa koríko ẹ̀yìn ilé. Ta ló ń san ìyẹn?

Ọmọkùnrin kan béèrè ibi tó ti lè bẹ̀rẹ̀ láìsí owó ìwádìí. Mo ní kó mú ibùdó ìyangààrí kan ládùúgbò rẹ̀, kó máa lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, kó kọ iye ẹ̀gẹ́, igi àti kóńgò kan sílẹ̀. Kó má sì gbàgbé òṣùwọ̀n: kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú pọ̀ lọ́jà, nítorí náà kó wọn gààrí inú rẹ̀ ní kílò ná kó tó kọ owó rẹ̀.