Wolé-wolé Àsìkò Kòrónà: Iṣẹ́ Káńsù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ káàbọ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ dókítà, nọ́ọ̀sì àti ọlọ́pàá ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ káńsù wà tí wọ́n ń wọ ilé oúnjẹ, ilé ọtí àti ilé ìtajà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òfin má baà jẹ́ orí ìwé lásán, àwọn ni mo sì fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí. Àwọn kan nínú wọn ń mójú tó ìmọ́tótó àyíká, irú àwọn tí àwọn òbí wa ní Nàìjíríà ń pè ní wolé-wolé. Àwọn kejì ń rí i pé ọlọ́jà kò rẹ́ oníbàárà jẹ.

Iṣẹ́ wọn ti pẹ́. Ní ọdún 1854, nígbà tí àrùn onígbáméjì ń pa àwọn ará Soho ní Lọ́ńdọ̀nù, dókítà John Snow tọ àwọn aláṣẹ àdúgbò lọ, ó sì ṣàlàyé fún wọn pé omi ẹ̀rọ tó wà ní Broad Street ni àrùn náà ti ń wá. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, wọ́n ní kí a yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé àwọn tó súnmọ́ ibi tí àrùn wà ni wọ́n pa àṣẹ náà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí ní ọdún 2020.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún yẹn ni olórí ìjọba, Boris Johnson, ní kí ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ 23 ni ó kéde kónílé-ó-gbélé. Ọlọ́pàá ni ó ń tú àwọn tó bá péjọ ká, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ìṣòwò di ti káńsù. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń wọlé tọ ènìyàn láti bu owó ìtanràn lé e lórí. Wọ́n á kọ́kọ́ bá onísọ̀ọ̀bù sọ̀rọ̀, wọ́n á ṣàlàyé ohun tí òfin wí, wọ́n á gbà á níyànjú. Bí ó bá kọ etí dídi ni wọ́n á fún un ní ìwé ìfòfindè, ìyẹn ìwé tó ní kí ó dáwọ́ ohun tó ń ṣe dúró. Láti oṣù kẹsàn-án, tí òfin ní kí ilé ọtí máa tì ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí wọ́n sì máa gbé ọtí wá bá oníbàárà níbi tó jókòó sí, owó ìtanràn fún ilé ìṣòwò bẹ̀rẹ̀ láti £1,000, ó sì lè gòkè dé £10,000 fún ẹni tó ń tàpá sí òfin léraléra. Owó yìí tó láti pa ìṣòwò kékeré run, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé sùúrù tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò tọ̀nà gan-an.

Òfin tó lágbára jù lọ́wọ́ káńsù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 2020. Ó fún wọn láṣẹ láti ti ilé kan pàtó, láti dá ayẹyẹ dúró, tàbí láti ti ọgbà ìgbafẹ́, bí ewu tó wà níbẹ̀ fún ìlera ará ìlú bá pọ̀ tí kò sì jìnnà mọ́. Àṣẹ náà ní ìjánu: káńsù gbọ́dọ̀ fi tó mínísítà létí, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un gbé yẹ̀ wò láàárín ọjọ́ méje méje, ẹni tí wọ́n ti ilé rẹ̀ sì lè gba ilé ẹjọ́ lọ.

Ohun kan wà tí ó dùn mí. Títọ ipasẹ̀ àrùn kì í ṣe iṣẹ́ tuntun fún àwọn wolé-wolé wọ̀nyí, torí pé bí oúnjẹ bá ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá, àwọn ni wọ́n ń wádìí ẹni tó jẹ ẹ́ àti ibi tó ti jẹ ẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọpasẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, àwọn tó ń tẹ ènìyàn láago láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà fún, oṣù kẹjọ sì ti dé kí wọ́n tó kéde pé àwọn káńsù yóò kópa tó jọjú nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ àdúgbò ni ó mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kí ó kàn.

Iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọjà kan àwa ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Peckham wà, tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, pásítọ̀ kan ní Camberwell ń ta òróró àti òwú pupa fún £91 ní ìbẹ̀rẹ̀ àjàkálẹ̀ náà, ó ní wọn yóò dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ Kòrónà. Ronú nípa ìyá tó fi owó oúnjẹ ra òróró náà, tó wá rò pé òun lè jókòó ti aláìsàn láìsí ewu. Káńsù Southwark gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Òfin Kòrónà tó kẹ́yìn nínú àwọn tí mo mẹ́nu bà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹjọ́ náà sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún náà ni àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ dá pásítọ̀ náà lẹ́bi ìwà jìbìtì, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún un ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n so rọ̀ fún ọdún méjì, ìyẹn ni pé kò ní wọ ẹ̀wọ̀n àyàfi bí ó bá tún rú òfin láàárín àkókò náà.